Oòrùn Abíọ́nà

Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti máa ń pe èrò Dùgbẹ̀ ní Challenge? Ibẹ̀ ni mo dúró sí lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, tí òjò ń kán tótótó, tí mo fi rí ọmọkùnrin kan tó gbé bàsíà kalẹ̀ lábẹ́ agbòjò. Mo rò pé ìgbín ló ń tà. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn, mo rí i pé ahun ni. Àwọn ńlá mẹ́ta wà níbẹ̀. Wọ́n ti lu ihò sí etí ìkarahun wọn lẹ́yìn, wọ́n sì fi okùn kan ṣoṣo so gbogbo wọn pọ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀kẹrin kéré. Kò tóbi ju àgbálùmọ̀ lọ. Wọn ò tíì lu ihò sí tirẹ̀, bóyá nítorí pé kò tíì sí ibi tí wọn yóò lù lára rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe nǹkan ni, àbí ẹ fẹ́ sè é jẹ?” Mo ní mo kàn fẹ́ mú un lọ sílé ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bu owó gọbọi lé e. A ná an títí. Owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rà á nígbẹ̀yìn. Mo gbé e sínú báàgì mi, láàrin aṣọ òjò àti ìwé tí a fi ń ka àlọ́ àpagbè. Mo wọ ọkọ̀ dé Dùgbẹ̀, mo wọ òmíràn, a gba Mọ́kọ́lá àti Ṣàngó kọjá dé Agbowó, gbogbo ọ̀nà ni mo sì ń fọwọ́ kan báàgì bí ẹni tó gbé owó ilé-ìwé.

Nítorí pé ojú ọ̀nà ni mo ti rí i, mo sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Orúkọ náà tún dáa fún ìdí mìíràn: akọ ń jẹ́ ẹ, abo ń jẹ́ ẹ. Ahun tó bá kéré báyẹn, kò sí ẹni tó lè wò ó kó sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ó di ọdún mélòó kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá pẹ̀lú mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ló yẹ kó mọ ahun ju àwa lọ? A mọ bó ṣe já láti òkè tí ìkarahun rẹ̀ fi fọ́ wẹ́wẹ́. A mọ Yánníbo aya rẹ̀. A mọ iye ìgbà tó ti tan àna rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àlọ́ tí èmi ti gbọ́, àgbàlagbà ni Ìjàpá. Ó ní ìyàwó, ó ní àna, ó ní gbèsè, ó ní ọgbọ́n àrékérekè. Mi ò tíì gbọ́ àlọ́ kan tí Ìjàpá ti jẹ́ ọmọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìgbà kan wà tí Ìjàpá kò lè tan ẹnikẹ́ni, tí eku lè jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, tí èèrà lè dà bò ó. Ohun tí mo gbé wọ yàrá mi lọ́jọ́ náà, kò sí nínú kọ́ọ̀sì wa kankan.

Ẹ mọ irú ilé tí à ń gbé ní Agbowó. Yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gun gbọọrọ láàrin wọn. Eku pọ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ń sáré kiri. Ajá aládùúgbò máa ń yọjú. Èmi àti ọ̀rẹ́ kan la jọ ń gbé yàrá. Mo sọ fún ara mi pé màá dáàbò bo ọmọ yìí ni o. Mo wá páálí Indomie kan, mo tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, mo gbé Abíọ́nà sí i, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí mo bá ń jẹ ni mò ń bù fún un: èbà díẹ̀, ìrẹsì, búrẹ́dì tí mo rẹ sínú omi. Bí mo bá ti kíláàsì dé, màá fa páálí jáde, màá kí i, màá ka ewì tuntun sí i létí, màá sì tún tì í padà. Inú mi ń dùn. Mo rò pé kò sí ahun tó ń rí ìtọ́jú tó o ní gbogbo Ìbàdàn.

Oṣù méjì ò tíì pé tí nǹkan fi yí padà. Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í dijú lọ́sàn-án gangan. Bí mo bá kí i, kì í yọrí mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ́ nílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì tẹ̀ wọnú bí èèpo ọsàn tó ti pẹ́ lórí àtẹ. Ẹ̀rù bà mí. Ṣebí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ahun ni kí ẹ̀yìn rẹ̀ le.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìwòsàn ẹranko. Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa. Kò tíì fọwọ́ kan Abíọ́nà tó fi bi mí pé, “Ìgbà wo ló rí oòrùn kẹ́yìn?”

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní ìkarahun kì í ṣe ilé tí ahun gbé rù, bí a ti máa ń sọ ọ́. Egungun ni. Egungun ìhà àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló so pọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí à ń rí lókè ni èèpo tó bò ó, tó dà bí èèkánná tiwa. Egungun ọmọdé ń fẹ́ kálísíọ́ọ̀mù kó tó lè le, kálísíọ́ọ̀mù náà kì í sì wọ egungun bó ti yẹ láìsí fítámì D. Oòrùn tó bá kan ara ahun gan-an ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ rí fítámì yẹn ṣe. Bí kò bá rí oòrùn, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì ní kálísíọ́ọ̀mù, ara rẹ̀ yóò máa yọ èyí tó wà nínú egungun lò kí ọkàn rẹ̀ má bàa dákẹ́. Ó dà bí ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù ara ilé rẹ̀ tà kó lè rí oúnjẹ jẹ.

Mo ní, “Ṣùgbọ́n mo máa ń gbé e sídìí fèrèsé nígbà mìíràn.”

Ó ní, “Fèrèsé onígíláàsì yìí? Gíláàsì kì í jẹ́ kí èyí tó ń wá nínú oòrùn wọlé. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ooru á wọlé, òun á sì dúró síta.”

Ó tún sọ fún mi pé ìkarahun ahun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin máa ń rọ̀ díẹ̀, pé ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó máa le sí i lóṣooṣù ni, kì í ṣe kó máa rọ̀ sí i. A gbé Abíọ́nà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì kọ́ mi bí mo ṣe máa lò ó. Mo bi wọ́n bóyá yóò yè. Wọ́n ní ká ṣì máa wò ó. Èmi tí mo ti ń kọ ewì nípa ikú láti ọdún kìn-ín-ní mi ní yunifásítì, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi “ká ṣì máa wò ó” yẹn ṣe. Mo sùn ti páálí lọ́jọ́ náà. Mo ń ronú pé kò sí ẹni tó fẹ́ pa á bí kò ṣe èmi tí mo ń dáàbò bò ó.

Láti ọjọ́ kejì la ti bẹ̀rẹ̀ oòrùn. Láàárọ̀, kí ooru tó mú, màá gbé e síta sí ojú àgbàlá nínú àpótí tí kò ní ìdérí, apá kan nínú oòrùn, apá kejì lábẹ́ òjìji, kó lè yan èyí tó bá fẹ́. Màá jókòó tì í. Kò gbọdọ̀ jẹ́ inú abọ́ onígíláàsì tàbí ọ̀rá, nítorí ooru tó bá há síbẹ̀ lè pa á kí èèyàn tó yísẹ̀ padà. Bó bá dojú délẹ̀ nínú oòrùn tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ikú náà ni. Àṣá ń fò lókè Agbowó, ẹ̀yin náà mọ̀. Nítorí náà, ìjókòó tì í yẹn kì í ṣe àṣejù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Abíọ́nà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ahun wà nílé. Ìgbà tó jáde sóòrùn, gbogbo ilé rí i. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígboro lóde òní, tí ọ̀dọ́kùnrin kan bá ń gbé ahun kiri láàárọ̀ kùtùkùtù, tó sì ń dá sọ̀rọ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Màmá onílé ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn.

Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ fi ahun ṣe? Wọ́n ní ẹ ti ń bọ nǹkan ní yàrá yín. Mi ò fẹ́ Yahoo nílé mi, mi ò fẹ́ ọlọ́pàá.”

“Ẹ má bínú, mà. Ara rẹ̀ ni kò yá. Wọ́n ní kí n máa gbé e sóòrùn ni.”

“Ahun ni ara rẹ̀ kò yá?”

Mo lọ gbé e wá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, wọ́n wá na ìka kan, wọ́n kàn án. Nígbà tó tẹ̀ wọnú, ojú wọn yí padà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé ọmọ àwọn ọkùnrin kan, nígbà tó ń kọ́ ìrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì sọ pé kí àwọn má máa dì í pa sínú ilé mọ́, kí wọ́n máa gbé e síta láàárọ̀, kí wọ́n sì máa lọ edé sínú oúnjẹ rẹ̀. “Ẹsẹ̀ náà nà,” ni wọ́n wí. “Ó wà ní Èkó báyìí, ó ń wa ọkọ̀.”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní kíláàsì aago mẹ́jọ, Màmá onílé ló ń jókòó ti Abíọ́nà. Wọ́n á gbé àga wọn síta, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, ojú wọn á wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń yọ mí lẹ́nu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ẹ̀ṣọ́ tó ń lé ajá. Ohun tí mò ń bẹ̀rù pé yóò pa á tẹ́lẹ̀, apá kan nínú wọn ló wá ń ṣọ́ ọ.

Èmi àti Màmá onílé ò ṣàì ja ìjà kan o. Wọ́n ní kí n lu ihò sí etí ìkarahun rẹ̀, kí n fi okùn so ó mọ́ ìdí igi, kó má bàa sọnù, pé kò mọ̀ ọ́n lára. Mo sọ fún wọn pé egungun ni, pé ó ń mọ̀ ọ́n lára dáadáa, pé kòkòrò àìsàn lè gba ojú ihò náà wọlé. Wọ́n ní, “Àwọn bàbá wa ń lù ú.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ká má fọ̀rọ̀ gùn, a ò lù ú.

Ó ku ilé. Ahun tó ń gba oòrùn fún wákàtí kan ṣì níláti lo ìyókù ọjọ́ nínú yàrá. Mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, mo ra àfọ́kù pákó, káfíńtà àdúgbò sì bá mi kàn án: ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gígùn, 2 ní ìbú. Pákó dára ju abọ́ tí èèyàn lè rí ìta láti inú rẹ̀ lọ, nítorí bí ahun bá ń rí ìta, yóò máa fi orí gbá ara abọ́ náà títí, kò mọ̀ pé ohun kan dí òun lọ́nà. Mo da iyẹ̀pẹ̀ sí i tó íńṣì 3, láti ibi tí wọn kì í fín oògùn koríko sí, mo sì da ewé gbígbẹ lé e lórí kó lè rí ibi rápálá wọ̀. Mo ń wọ́n omi sí apá kan kí ó tutù díẹ̀, mo fi apá kejì sílẹ̀ ní gbígbẹ. Mo fi àwo pẹrẹsẹ bu omi sí i, omi tí kò ní bò ó lórí. Fún ibùsùn, mo lọ bá Màmá onílé tọrọ àpáàdì ìkòkò kan, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Abẹ́ àpáàdì yẹn ló ń sùn títí di òní. Lókè, nẹ́ẹ̀tì onírin nítorí eku. Eku máa ń jẹ ahun kékeré lẹ́sẹ̀ lóru, kò sì ní lè ké.

Àìlèké yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ajá á gbó, ológbò á han, adìyẹ á pariwo. Ahun kì í sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ń sìn ín ló gbọ́dọ̀ máa wo ojú rẹ̀ bóyá ó wú, imú rẹ̀ bóyá ó ń hó, ẹnu rẹ̀ bóyá ó là á sílẹ̀ láti mí. Bí ikùn inú àyà bá mú un, kò lè wúkọ́ jáde bí àwa. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá fín oògùn ẹ̀fọn kó tó jáde, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Kò mọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé òjò dá kíláàsì wa dúró, tí mo tètè dé. Láti ìgbà náà, kò sí oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín, kò sí kọ́ìlì tí a ń sun, sítóòfù onímikerosíìnì sì ti kó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn la wọ̀ báyìí. Ọ̀rẹ́ mi náà jẹ́wọ́ pé òun ń sùn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó bá ń ronú nípa oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ahun tí ẹ ní. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ ìwòsàn ẹranko wo bí ìkarahun Abíọ́nà ṣe tẹ́ àti bí etí rẹ̀ ṣe rí bí eyín ayùn, ó ní irú ti igbó ìhà ọ̀dọ̀ wa ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys. Bó bá dàgbà, apá ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ yóò lè ṣẹ́ po bí ìlẹ̀kùn, yóò fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn mọ́. Ọmọdé kì í tíì ní i. Irú yìí ń jẹ ewé, ó ń jẹ èso, ó ń jẹ olú, ó sì ń jẹ ekòló àti ìgbín kéékèèké. Ahun ńlá tó ń ti ìhà aṣálẹ̀ òkè lọ́hùn-ún wá yàtọ̀: koríko ni oúnjẹ tirẹ̀, èso púpọ̀ sì ń da inú rẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tí Ọlọ́run dá fún èbà àti búrẹ́dì.

Nítorí náà, mo máa ń ra yánrin àti ewé kúkúńdùnkún ní ọjà Bódìjà, màá fọ̀ ọ́ dáadáa nítorí oògùn kòkòrò. Mo máa ń fún un ní ìbẹ́pẹ díẹ̀, olú jíjẹ bí mo bá rí i, àti ekòló lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́, torí nǹkan kan wà nínú wọn tó ń di kálísíọ́ọ̀mù mú tí kì í jẹ́ kí ara rí i lò. Kálísíọ́ọ̀mù ńkọ́? Mállàm onítíì tó ń din ẹyin fún wa lálẹ́ ló ń bá mi tọ́jú èèpo ẹyin. Màá sè é, màá sá a gbẹ, màá gún un kúnná, màá wọ́n ọn sórí ewé. Ọ̀fẹ́ ni. Mállàm ti rò pé orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú èèpo náà pamọ́ fún mi.

Omi pẹ̀lú. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mo máa ń gbé e sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò kọjá àgbọ̀n rẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Yóò mu, yóò sì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ni mo rí ìwúlò rẹ̀, nígbà tí ètè gbogbo wa ń bó. Ahun igbó tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá mú ní kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ lè hù ṣóńṣó-ṣóńṣó, kò sì ní tẹ́ mọ́ láéláé. Lálẹ́ ọyẹ́, mo máa ń gbé àpótí rẹ̀ kúrò nílẹ̀ sórí tábìlì, kúrò lójú atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé.

Abọ́ tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́, kò sí ohun mìíràn tí à ń fi ṣe. Bí a bá fọwọ́ kàn án, ọṣẹ ló kàn. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní salmonella máa ń gbé inú ahun láìṣe é ní nǹkan kan, tó sì lè dá ọmọ kékeré dùbúlẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà fi kà á léèwọ̀ ní 1975 pé kí wọ́n má ta ahun tí ìkarahun rẹ̀ kò tó íńṣì 4 fún èèyàn láti sìn nílé, torí àwọn ọmọdé ń gbé e sẹ́nu. Abíọ́nà kò tó ìdajì ìwọ̀n yẹn nígbà tí mo rà á. Nítorí náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n lè wò ó, wọn ò gbọdọ̀ gbé e.

Oṣù Kejì ọdún yìí, mo tún fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn rẹ̀. Kò tẹ̀. Mo pe Màmá onílé, wọ́n kàn án, wọ́n ní, “Ó ti le.” Gíráàmù 48 ni mo wọ̀n ọ́n ní oṣù Kọkànlá, ó ti di 63. Ìlà funfun kékeré ń yọ láàrin èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ní ibi tó ti ń dàgbà nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń wọ́ díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó máa wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo fún un.

Mo lè parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ká pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun méjì kù tí ń kò fẹ́ fi pamọ́.

Èkínní: mo tún gba Challenge kọjá. Ọmọkùnrin yẹn wà níbẹ̀, bàsíà rẹ̀ wà níbẹ̀, ahun kéékèèké méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá yín wá àwọn kékeré o.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo rò pé mo gba ọ̀kan là. Àṣé ọjà ni mo fi hàn án pé ó ń tà. Ahun igbó wa ń dínkù, wọ́n ń ṣọdẹ rẹ̀, wọ́n sì ń gé igbó tó ń gbé. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí àpilẹ̀kọ yìí bá mú ahun wù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ rà á. Èyí tó bá ti wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tọ́jú.

Èkejì: ní oṣù Kẹwàá 2019, ahun kan kú ní ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Alágbà lorúkọ rẹ̀. Ààfin ní ọdún 344 ló lò láyé. Àwọn onímọ̀ ẹranko jiyàn iye ọdún náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé ó pẹ́. Ó ní èèyàn méjì láàfin tó jẹ́ pé ìtọ́jú rẹ̀ niṣẹ́ wọn. Ní erékùṣù St Helena, ahun kan wà tí wọ́n ń pè ní Jonathan, tí wọ́n gbà pé nǹkan bí 1832 ló jáde nínú ẹyin. Ní 2022, ìwé Guinness kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló dàgbà jù lọ nínú ahun. Irú ti Abíọ́nà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rí ìtọ́jú, yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún. Alágbà ní ààfin. Kí ni Abíọ́nà ní? Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, tó ń lọ di àgùnbánirọ̀ láìpẹ́, tí ìjọba sì lè gbé lọ síbikíbi.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi bóyá kí n kàn dá a padà sígbó. Ó ní igbó wo? A ò mọ ibi tí wọ́n ti mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dá, ó sì lè kó àìsàn inú ilé lọ bá àwọn tó wà lóko. Mo wá lọ bá Màmá onílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní ilé àwọn ní ògiri yíká, pé ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìn ilé yẹn kì í gbẹ, àti pé ṣé káfíńtà yẹn lè ṣe ọgbà tí ajá kò ní lè fò.

Káfíńtà ti wá wọn ilẹ̀ náà. A ń kó owó pákó jọ.

Láàárọ̀ òní, mò ń sáré lọ síbi tẹ́ẹ̀sì, mo ti dé ẹnu géètì kí n tó gbọ́ ohùn Màmá onílé lẹ́yìn mi:

“Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o ti gbé ọmọ wa sóòrùn?”